Sísá Kì Í Wo Ìbẹ̀rù Sàn

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkòtún ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́. Ó wọ danfó láàárọ̀, ó ń lọ ra ọjà ní Òṣòdì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró ní Èjìgbò, oòrùn mú, ọkọ̀ kún fọ́fọ́. Lójijì, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lù kìkìkì. Èémí kò tó o mọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ta wínníwínní, òyì ń kọ́ ọ, òógùn tútù bò ó, ó sì dá a lójú gbangba pé ikú ló dé yìí. Ó ké sí dírẹ́bà pé "Ó wà o!", ó já bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sétí gọ́tà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Ó gba kẹ́míìsì lọ. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ga díẹ̀. Ta ni tirẹ̀ kò ní ga lẹ́yìn irú ìpayà bẹ́ẹ̀? Wọ́n fún un ní oògùn oorun, ó sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, bó ṣe dé ibùdókọ̀ tó gbọ́ tí kọ́ńdọ̀ ń ké "Òṣòdì, Òṣòdì!", ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó pẹ̀yìn dà, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó di pé ó ń rán ọmọ lọ ra ọjà. Ó di pé kò lè dá rìn dé ọjà Ìkòtún, àfi kí ẹnì kan sìn ín. Ó ra ẹ̀rọ BP sílé, ó ń fi wọn ara rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, àti nígbàkígbà tí àyà rẹ̀ bá tún já. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti kó ọjà rẹ̀ wá sí iwájú ilé, kò sì lọ síbòmíràn mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ohun tó ṣe ló fún un ní ìtura lójú ẹsẹ̀: bíbọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, oògùn oorun, pípẹ̀yìn dà ní ibùdókọ̀, ẹ̀rọ BP. Àwọn nǹkan yìí kan náà ló sì pa pọ̀ tì í mọ́lé. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ lórí àìsàn ìbẹ̀rù kò ju èyí lọ: sísá ni oúnjẹ rẹ̀. Ìtọ́jú tó ń wò ó sàn ni èyí tó bá kọ́ni láti dúró.

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù tírélà tó ń bọ̀ lójú títì LASU sí Ìṣẹ́ri kò ní pẹ́ láyé. Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, ara á da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé itan àti apá, èémí á yára, inú á kọ oúnjẹ. Ara ti múra tán láti jà tàbí láti sá lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó sójú kan tó sì ń mí gúlegúle, ó ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde ju bó ṣe yẹ lọ, èyí ló sì ń mú kí ìka máa ta, kí ètè kú, kí òyì máa kọ́ni. Ó ń bani lẹ́rù púpọ̀, àmọ́ kì í pani. Ara kò sì lè bá irú eré bẹ́ẹ̀ lọ títí: ìpayà òjijì sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ènìyàn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni o tàbí kò bọ́. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ kò mọ èyí. Ó gbà pé bíbọ́ tí òun bọ́ ló gba ẹ̀mí òun là, nítorí náà yóò tún bọ́ lọ́la.

Ìbẹ̀rù wá di àìsàn nígbà tó bá ń wá láìsí ewu, tó kọ̀ tí kò lọ, tó sì gba iṣẹ́, oorun tàbí ẹbí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Nínú àìsàn yìí, ọpọlọ dà bí ajá ilé tó ń gbó ọmọ onílé: ajá náà kò burú, kò sì ya dìgbòlugi, ó kàn yẹ kí wọ́n tún un kọ́ ni. Ìpayà òjijì tí mo ṣàpèjúwe yìí jẹ́ oríṣi kan. Oríṣi mìíràn kì í wá lójijì rárá. Bàbá kan lè máa ronú lórí owó ilé, lórí JAMB ọmọ, lórí ariwo tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ń pa, lórí ìpè tí kò tíì wọlé, lójoojúmọ́, tí kò sì rí ìrònú náà dá dúró. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí, tí ọrùn ń ro ó, tí oorun kò wá, dókítà kò ní kà á sí ìwà lásán mọ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ojú ènìyàn ni wọ́n ń bẹ̀rù: ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn tí kò lè nawọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò lè wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. A máa ń sọ pé ojú ló ń tì wọ́n, a ó sì gbàgbé wọn síbẹ̀.

Àwọn kan gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn nílẹ̀ wa kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1953, dókítà òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, J. C. Carothers, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sọ níbẹ̀ pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀, bí ẹni pé a kò ní àròjinlẹ̀ tó láti banú jẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Arò nílùú náà: àwọn aláìsàn ń gbé lábúlé lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú, pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ní Arò yìí náà ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, ti pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí, pé ìwé kò wọlé mọ́, pé ojú ń ṣú bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Ó kọ nípa wọn lọ́dún 1960, ó sì lo orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, brain fag. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ rí ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nínú rẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 1963, Lámbò àti Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé ìwé jáde lórí ìwádìí tí wọ́n ṣe láwọn abúlé Ẹ̀gbá àti nínú Abẹ́òkúta. Àìsàn ọkàn tí wọ́n bá lọ́dọ̀ wa jọ èyí tí wọ́n mọ̀ ní ìlú òyìnbó. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Nínú ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2006, wọ́n bá àgbàlagbà 4,984 sọ̀rọ̀ kárí márùn-ún nínú ẹkùn mẹ́fà orílẹ̀-èdè yìí. Àìsàn ìbẹ̀rù ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àìsàn ọpọlọ tí wọ́n rí: ó ti ṣe ìdá 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún rí láyé wọn. Èrò tèmi ni pé iye náà yóò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń lò bi í. Ní Ìgàndó, kò sí ẹni tó ń wọlé tọ dókítà kó ní ìbẹ̀rù ló ń ṣe òun. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àyà ń já, orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ orí, inú ń ru, oorun dá. Nítorí náà wọ́n á tọ́jú màlíríà àti táífọ́ọ̀dù, wọ́n á tún un tọ́jú, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, owó á lọ, àyà á ṣì máa já. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú ìwádìí ọdún 2006 yìí ni pé nínú àwọn tí àìsàn wọn ti le dé ibi tó ń dí iṣẹ́ àti ayé wọn lọ́wọ́, nǹkan bí ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àìsàn ìbẹ̀rù ń bá ènìyàn mílíọ̀nù 359 jà lọ́dún 2021, àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú wọn.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àyà tó ń já ni ti ìbẹ̀rù. Ẹni tí àyà ń dùn fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ìrora náà sì ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ, kó má jókòó ka ìwé ìròyìn. Àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń mú àyà sáré. Ẹ̀yà ara ibi ọ̀fun tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó ń mú ènìyàn rù, ó sì ń gba oorun lójú ẹni. Àwọn awakọ̀ tó ń fi obì àti ohun mímu agbára inú agolo lé oorun lọ náà yẹ kí wọ́n mọ̀ pé caffeine tó wà nínú méjèèjì lè mú àyà lù kìkì lóru. Ìdí nìyí tí dókítà rere fi máa ń yẹ ara wò kó tó sọ ti ọkàn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ara dá ṣáká, kí àyẹ̀wò dúró níbẹ̀. Àyẹ̀wò kẹrin àti karùn-ún ti di sísá.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì ló dùn mí jù. Oògùn oorun bíi diazepam, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Valium, àti bromazepam, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lexotan, ń mú ara balẹ̀ láàárín wákàtí kan. Oògùn gidi ni wọ́n, dókítà sì lè lò wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti mọ́ wọn, ọ̀kan kò ní tó mọ́, ènìyàn á mu méjì. Ọjọ́ tó bá dá a dúró lójijì, ìbẹ̀rù á padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gìrì sì lè mú ẹlòmíràn. Bí a bá da ọtí tàbí tramadol pọ̀ mọ́ wọn, ó lè dá èémí dúró. Òfin ní kí a má tà wọ́n láìsí ìwé dókítà, síbẹ̀ owó péréte ni wọ́n fi ń rà wọ́n ládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í dé kẹ́míìsì pàápàá, paraga ibi gáréèjì ni wọ́n fi ń pa tiwọn. Ọtí náà ń mú àyà balẹ̀ lálẹ́, ó sì ń jẹ́ kó já lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń wò ó sàn? Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ìṣe, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CBT, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún ló sì sábà máa ń gbà. Apá pàtàkì nínú gbòǹgbò rẹ̀ wá láti Áfíríkà: Joseph Wolpe, ọmọ South Africa tó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tẹ ìwé jáde lọ́dún 1958 lórí bí ènìyàn ṣe lè súnmọ́ ohun tó ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀ títí ìbẹ̀rù á fi kú. Fún oníṣòwò wa yìí, olùtọ́jú á kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ to ìrìn àjò náà ní ìpele. Kó lọ dúró ní ibùdókọ̀ Ìkòtún láìwọ ọkọ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí àyà á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó wọ inú danfó tó ṣì ń gbérò. Kó wọ ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ kan péré. Kó dé Èjìgbò pẹ̀lú ẹnì kan, kó tún dé ibẹ̀ lóun nìkan, kó tó di Òṣòdì. Ìpele kọ̀ọ̀kan á tó àtúnṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ BP á sì wà nílé.

Wọ́n tún lè ní kó sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan nínú yàrá ìtọ́jú, tàbí kó yí lórí àga títí òyì á fi kọ́ ọ, kó lè rí i pé àyà tó ń lù àti ojú tó ń ṣú kì í ṣe ikú. Ẹni tí kò bá mọ ìdí á rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n á ní kó kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde nílé, "màá dákú ní Èjìgbò", kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tó bá dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé náà á máa bá a sọ̀rọ̀ ju dókítà lọ. Ìmí fífà jẹ́jẹ́, kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, wúlò, bí kò bá ṣáà ti di ọ̀nà mìíràn láti sá.

Oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́ náà wà, irú bíi sertraline, escitalopram tàbí fluoxetine. Wọn kì í di bárakú bíi ti oògùn oorun, àmọ́ wọ́n gba sùúrù: ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ dáadáa, inú lè máa ru ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ìbẹ̀rù náà sì lè ga díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jù wọ́n nù lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wọn. Bí ara bá ti yá, dókítà sábà máa ń ní kí a máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kó tó dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ní agbègbè wa, ìbẹ̀rù àwọn kan ní ìtàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọ̀pá epo bú gbàmù ní Abúlé-Ẹ̀gbá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló jóná kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà gún ọ̀pá epo ní Ìjẹ̀gùn, iná náà dé ilé ìwé. Ẹni tó la irú iná bẹ́ẹ̀ já, tí òórùn pẹtiróòlù ṣì ń mú un gbọ̀n, tó ń lá àlá rẹ̀ lóru, àìsàn tirẹ̀ ní orúkọ ọ̀tọ̀ àti ìtọ́jú ọ̀tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ tan. Ó yẹ kó sọ ìtàn náà fún dókítà, àní bí ọdún bá ti gorí ọdún.

Ìkòtún jẹ́ ìlú àdúrà tí ayé mọ̀. Láti ọ̀nà jíjìn réré ni àwọn ènìyàn ti máa ń wá sí ìjọ Synagogue, bẹ́ẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí àti ilé àdúrà kò lóǹkà láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó. Èmi kò bá àdúrà jà. Ìgbàgbọ́ ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbára láti dìde, ìjọ sì ń mú kí aláìsàn má dá wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń lépa rẹ̀, wọ́n ti fi ẹni tí yóò máa sá fún kún ìbẹ̀rù rẹ̀. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá gbàdúrà tán, tó wá ní "ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì máa lo oògùn yín", iṣẹ́ ìwòsàn ló ṣe.

Níbo ni kí ènìyàn gbà lọ? Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba tó wà ládùúgbò tàbí Alimosho General Hospital ní Ìgàndó ni ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, kí wọ́n yẹ ara wò, kí wọ́n sì kọ ìwé bó bá tọ́. Oníṣègùn ọpọlọ wà ní LASUTH ní Ìkẹjà, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907, tó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Orúkọ "Yaba Left" tí aráàlú fi ń pè é ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, wọ́n ń rí dókítà, wọ́n sì ń padà sí ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Òfin náà ní kí a má torí àìsàn ọpọlọ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni.

Òfin nìkan kò tó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Èkó sì sọ pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn oníṣègùn ọpọlọ fúnra wọn ń sọ pé àwọn kò tó 300. A kò lè dúró dè wọ́n. Ní Harare, ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá àgbà láti ọdún 2006 láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ti ẹni tí ìrònú ń dà láàmú, kí wọ́n sì bá a yanjú ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016, tí wọ́n fi ènìyàn 573 ṣe, fi hàn pé ara àwọn tó jókòó pẹ̀lú wọn yá ju ti àwọn tí kò jókòó lọ. Ìyá àgbà kò wọ́n wa ní Ìdímù, bẹ́ǹṣì náà kò wọ́n. Mo rọ àwọn tó ń darí ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) inú rẹ̀ kí wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan péré.

Ẹbí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ tó ń sin aláìsàn lọ gbogbo ibi, ọmọ tó ń dáhùn "Mọ́mì, ẹ ò ní kú" nígbà ogún lóòjọ́, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, àmọ́ wọ́n ń bá a sá ni. Kí wọ́n má ṣe já a jù sílẹ̀ lójijì, kí wọ́n má sì pè é ní ọ̀lẹ. Kí wọ́n bá olùtọ́jú fẹnu kò sórí ohun tí wọn yóò máa dín kù: lọ́sẹ̀ yìí, kí ọkọ sìn ín dé ibùdókọ̀, kó má wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó dágbére fún un lẹ́nu géètì. Bí ó bá sì sọ pé ayé sú òun tàbí pé ó sàn kí òun kú, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún dókítà bó ṣe sọ ọ́.